Ìdajì Orí Abọ́dẹrìn

Onígbàjámọ̀ ni bàbá mi, ní ọjà Ìkàrẹ́. Ahunṣọ ni ìyá mi, láti orí òkè Ọ̀kà. Ìtàn bí wọ́n ṣe fẹ́ ara wọn kò gùn, ṣùgbọ́n ìtìjú pọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ wọn ni n óò máa pè níhìn-ín. Nígbà náà wọn kò tíì di òbí ẹnikẹ́ni.

Bùsàrí ni orúkọ bàbá mi. Abẹ́ igi ìyeyè ni ó ti ń fá orí. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó máa ń sọ pé ẹni tí abẹ wà lórí rẹ̀ kì í sá, nítorí náà òun kò ní gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kò ráyè gbọ́ ìtàn.

Kì í sọ ìtàn ìjàpá. Ilé rẹ̀ ni ó ń sọ. Ó ń sọ ti ìyá rẹ̀ tí ó ń bá ewúrẹ́ jà bí ẹni ń bá orogún jà. Ó ń sọ ti Sàláwù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó tọ́ ọ dàgbà. Ìyàwó Sàláwù fi oúnjẹ dù ú lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin náà lọ sí ìdí àdògán, ó kúnlẹ̀ níwájú ìkòkò, ó ní, "Ìkòkò, ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni ẹran wà?"

Sàláwù gbọ́ pé wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín lọ́jà. Ó bínú lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni Bùsàrí ti ṣìnà. Ó rò pé bí ti gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn.

Àsàmáù, ìyá mi, máa ń ru kíjìpá, aṣọ nínípọn tí ó ń hun, wá láti Ọ̀kà. Bí ó bá tà á tán, yóò dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin tí ń dúró de abẹ, yóò fi etí aṣọ bo ẹnu rẹ̀, yóò máa rẹ́rìn-ín. Bùsàrí kò rí ẹnu náà. Èjìká tí ń mì ni ó rí.

"Ìwọ ọmọ Ọ̀kà," ni ó wí lọ́jọ́ kan, "ṣé kò sí ẹ̀rín lórí òkè yín ni, tí o fi ń wá a kiri nísàlẹ̀?"

"Ó wà. Kì í ṣe gbogbo ẹnu ni à ń kó o sí."

"Ẹnu tèmi kò jò."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni agbọ̀n sọ fún odò."

Àwọn ọkùnrin hó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi náà tí kì í ṣe Bùsàrí ni ó dá a sílẹ̀. Kò dùn ún. Ìyẹn ni ó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà ti kúrò ní eré.

Ọjọ́ ọjà ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Bùsàrí bẹ̀rẹ̀ sí í sin Àsàmáù dé ìparí ọjà, lẹ́yìn náà dé ìdajì ọ̀nà. Ó béèrè ìyá rẹ̀. Àsàmáù ní ìyá òun ti kú. Ó béèrè irú ènìyàn tí ìyá náà jẹ́. Ọmọbìnrin náà rìn díẹ̀ kí ó tó dáhùn.

"Limota ni orúkọ rẹ̀. Bí mo bá sọ fún ọ pé ọlọ́gbọ́n ni, o kò ní mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣe."

Ó sọ ọ́. Ìgbà tí òun wà ní kékeré ni, tí àwọn òyìnbó ń jagun ní ìhà Kàmẹ́rúùnù. Àwọn ọlọ́pàá gòkè wá sí Ọ̀kà láti kó àwọn ọkùnrin tí yóò ru ẹrù. Gbogbo ọkùnrin sá. Abọ́dẹrìn, bàbá òun, kò rí àyè sá mọ́. Ó wọ ẹ̀yìn kíjìpá tí Limota ń hun lọ́wọ́, èyí tí ó ta sórí òfì níwájú ògiri. Aṣọ náà kò tíì dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá òun yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ńlá méjèèjì.

Ọlọ́pàá wọlé, ó wo ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Limota kò dẹ́kun aṣọ híhun. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ oko."

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó jáde, ó ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Kò mú ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà.

Bùsàrí dúró lójú ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí òkúta.

"Ti ilé wa ni, Bùsàrí," ni Àsàmáù wí. "A kì í sọ ọ́ níta. Má mú un dé abẹ́ igi yẹn."

"Mo gbọ́."

Òótọ́ ni ó sọ. Ó gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀rọ̀ wọn dé ilé. Raliat, ìyàwó àbúrò Abọ́dẹrìn, ni alárinà. Opó ni. Ó ń ta irú. Òun ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Abọ́dẹrìn, bí òun náà kò tilẹ̀ tíì rí Bùsàrí sójú.

"Onígbàjámọ̀?" ni Abọ́dẹrìn wí. "Ọmọ Ìkàrẹ́? Ẹni tí ń fi ẹnu jẹun?"

"Bàbá Àsàmáù, gbogbo wa ni a ń fi ẹnu jẹun."

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹ lọ wò ó. Ẹ jókòó sábẹ́ abẹ rẹ̀. Kò mọ̀ yín rí. Bí ó bá jẹ́ òmùgọ̀, orí yín á kúkú ti mọ́."

Abọ́dẹrìn lọ. Ó ní kí Àsàmáù pàtẹ aṣọ rẹ̀ ní òdìkejì ọjà, kí ó má yọjú. Ó jókòó sábẹ́ igi ìyeyè. Bùsàrí kí i, ó béèrè ìlú rẹ̀. Abọ́dẹrìn purọ́:

"Ẹ̀pìnmì."

Bùsàrí bomi sí i lórí, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ewúrẹ́. Ojú Abọ́dẹrìn le bí àpáta. Ó sọ ti Sàláwù àti ìkòkò. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà wulẹ̀ mí sókè ni.

Zacchaeus, tí ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní, "Bùsàrí, òní lo bá ọ̀gá rẹ pàdé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ba nǹkan jẹ́. Bùsàrí wo ojú líle náà. Ó ti fá ìdajì orí, kò tíì rí eyín ẹni tó ni ín. Ó rántí ìtàn kan ṣoṣo tí kò tíì sọ rí. Ó ronú: ọmọ Ẹ̀pìnmì ni ọkùnrin yìí, Ọ̀kà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. N óò yí i padà. Ta ni yóò mọ̀?

Ó yí i padà lóòótọ́. Ó ní ọkùnrin ará ìlú Arìgìdì kan ni. Ó ní ẹ̀yìn ẹní ni ó sá sí, kì í ṣe ẹ̀yìn aṣọ. Nígbà tí ó dé ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń bọ̀ tí àwọn ọkùnrin ń sá, ẹnu Abọ́dẹrìn là.

"Wọ́n sá!" ni ó wí. "Ọlọ́run mi, wọ́n sá lọ́jọ́ náà!"

Ó rẹ́rìn-ín. Èjìká rẹ̀ mì gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ rẹ̀. Bùsàrí gbé abẹ sókè kí ó má baà gé e. Inú rẹ̀ dùn. Ó farawé ohùn ọlọ́pàá: "Ẹsẹ̀ ta nìyí?" Abọ́dẹrìn ń nu omi ojú nù, ó ń dúró de ìdáhùn.

Ohun gbogbo ni Bùsàrí yí padà, àfi ìdáhùn náà. Ìdáhùn náà kò ṣeé yí padà.

"Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ oko."

Gbogbo abẹ́ igi hó. Ẹ̀rín ṣì wà lójú Abọ́dẹrìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń rẹ́rìn-ín náà ti kúrò níbẹ̀. Ó dìde. Omi ń ṣàn sí i lọ́rùn. Ìdajì orí rẹ̀ ń dán, irun wà ní ìdajì kejì.

"Bàbá, a kò tíì parí."

"Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

Bùsàrí ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọbìnrin kan ni."

"Ọmọ ta ni?"

Ẹnìkan pe "Bàbá!" láti ẹ̀yìn. Àsàmáù ni. Ó ti ta aṣọ tán, kò lè dúró lójú kan mọ́, ó wá wò bóyá ọ̀rọ̀ dùn. Ó wo orí bàbá rẹ̀. Ó wo abẹ tó wà lọ́wọ́ Bùsàrí. Ó wo ẹnu àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún un.

Abọ́dẹrìn dé fìlà rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ọ̀kà. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Níbẹ̀ ni Abọ́dẹrìn ti wí láìbojúwẹ̀yìn pé, "Ẹnu ìyá rẹ ni o gbé lọ sọ́jà."

Àsàmáù sọ fún mi nígbà tí ó di arúgbó pé bí bàbá òun bá lu òun, ì bá sàn.

Àsàmáù kò wá sí Ìkàrẹ́ mọ́. Kò fọwọ́ kan òfì. Zacchaeus ru iyọ̀ rẹ̀ gòkè Ọ̀kà, ó sì ru ìtàn náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti fi apá kejì kún un: ọkùnrin kan tí ó fi ìdajì orí sá kúrò lábẹ́ abẹ. Àwọn ọmọdé Ọ̀kà ń wo fìlà Abọ́dẹrìn. Kò bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fá ìyókù. Onígbàjámọ̀ wo ni yóò rí irú orí bẹ́ẹ̀ tí kò ní béèrè? Orí olè ni wọ́n ń fá báyẹn. Irun ìhà kan gùn, ìhà kejì ń hù tẹ̀ lé e.

Ní abẹ́ igi ìyeyè, àwọn ènìyàn ń béèrè: "Bùsàrí, ìtàn dà?"

"Ẹ gbé orí yín jẹ́ẹ́."

Raliat dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, igbá irú lórí rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó.

"Ṣé ìwọ ni ẹlẹ́nu?"

"Èmi ni, ìyá."

"Mo rò pé ẹnu náà á tóbi jù báyìí lọ."

Ó dọ̀bálẹ̀ sínú irun orí onírun. Raliat sọ igbá kalẹ̀.

"Dìde. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ náà lo fẹ́ ni, àbí ìtàn ẹnu rẹ̀?"

Ìbéèrè náà ti Bùsàrí lójú ju ohun tí ó ti ṣe lọ. Ó ń rò ó: bí Àsàmáù kò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣé yóò ti sìn ín dé ìdajì ọ̀nà? Ó jẹ́ kí ìbéèrè náà gún òun dáadáa.

"Ìyá," ni ó wí níkẹyìn, "àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lójú mi lójoojúmọ́. Wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń jà, ewúrẹ́ ìyá mi jẹ fìlà Sàláwù lánàá. N kò gbọ́ ìtàn kankan nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà Ọ̀kà ni mò ń wò."

Raliat gbé igbá rẹ̀.

"Gòkè wá lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Mú àgbà ilé rẹ dání. Mú abẹ rẹ dání."

"Abẹ? Ṣé kí Bàbá Àsàmáù fi dúńbú mi ni?"

"Bí ó bá wù ú."

Sàláwù bá a lọ. Ó kùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Ọmọbìnrin ń bẹ ní Ìkàrẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí wọ́n bá fún wa ní èyí, ṣé òun ni yóò pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀?" Bùsàrí kò rẹ́rìn-ín.

Abọ́dẹrìn jókòó sórí àpótí nínú yàrá Limota. Òfì ṣì wà lára ògiri, kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Àsàmáù kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Raliat dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bùsàrí nà gbalaja sílẹ̀. Sàláwù wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín..."

"Ẹ jẹ́ kí òdòdó dúró ná," ni Abọ́dẹrìn wí. Ó wo Bùsàrí lórí ilẹ̀. "Sọ ìtàn náà."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi."

"O sọ ọ́ fún ọjà. Sọ ọ́ fún àwọn tó ni ín. Má sì fi Arìgìdì ṣe é."

Bùsàrí sọ ọ́ pẹ̀lú àyà lórí ilẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá, ó sọ ti aṣọ tí kò dé ilẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi ìdáhùn Limota, kò lè sọ ọ́. Ó wo òfì òfìfo náà.

Raliat ni ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ti lọ oko." Àsàmáù gbórí sókè. Bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn.

"Ìtàn náà kò parí síbẹ̀," ni Raliat wí. "Ògiri kan ni ó wà láàárín yàrá yìí àti tèmi. Mo gbọ́ nígbà tí ọlọ́pàá ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò tilẹ̀ mọ ohun tó fà á. Gàníyù, ọkọ mi, ń jẹun. Kò sá. Ó ní ta ni yóò mú ẹni tí ń jẹun lọ́wọ́? Wọ́n wọlé tọ̀ wá. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn. Òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n fà á dìde."

Raliat nawọ́ sí ògiri náà.

"Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pè é dáadáa, tòun ti oríkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ oko."

Abọ́dẹrìn gbé ojú rẹ̀ sí àárín orúnkún.

"Ìhà Kàmẹ́rúùnù ni wọ́n kó wọn lọ. Kò padà. Limota wá bá mi lọ́jọ́ náà, ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ ohun tí ó wí fún ọlọ́pàá. Ó ń fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú. A jọ hun aṣọ náà parí. Òun ni mo fi pọn ọmọ tí Gàníyù fi sínú mi." Ó yíjú sí Abọ́dẹrìn. "Bàbá Àsàmáù, ọmọdé gbọ́ ẹ̀rín, kò gbọ́ ẹkún. Ẹ kò sọ ẹkún fún un rí. Èwo ni ẹ fẹ́ kí ó sọ?"

Àsàmáù ń sunkún láìsí ohùn. Ó ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà lóòótọ́. Kò mọ̀ pé ó gbé Gàníyù lọ pẹ̀lú.

Abọ́dẹrìn bọ́ fìlà rẹ̀. Irun ìhà kan dúró bí igbó kìjikìji, ìhà kejì rí bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Sàláwù rí i, ẹnu rẹ̀ là, ó rántí ibi tí ó wà, ó pa á dé.

"Parí iṣẹ́ rẹ," ni Abọ́dẹrìn wí.

Bùsàrí bomi sí i lórí. Ó ń fá orí náà lọ. Ìró abẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀, Abọ́dẹrìn na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde láti abẹ́ aṣọ, sínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, níbi tí Raliat dúró sí.

"Raliat," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ mi nìyí. Èmi fúnra mi náà wà nílé."

Raliat wo ẹsẹ̀ náà pẹ́.

"Mo rí yín," ni ó wí.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Àsàmáù kò mọ̀ títí ó fi kú bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Nígbà tí ó padà wọlé, òun ni ó dá ẹjọ́ náà. "Oko Gàníyù ti di igbó. Ọ̀wẹ̀ àna tí Bùsàrí máa ṣe, ibẹ̀ ni kí ó ṣe é." Abọ́dẹrìn mi orí rẹ̀ tí ń dán, ó gbà. Báyìí ni ó ṣe fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ.

Àsàmáù sin àwọn àlejò dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Sàláwù ti ń ráhùn lọ níwájú.

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" ni Bùsàrí béèrè.

"Ojú ń tì mí láti wò ọ́."

"Ojú ń ti èmi náà."

"Jẹ́ ká máa wo ilẹ̀ lọ, nígbà náà."

Wọ́n wo ilẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni bàbá mi ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè lọ ro oko Gàníyù, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Abọ́dẹrìn ni ó ń ṣíwájú wọn dé ibẹ̀. Bàbá mi padà sí ìtàn sísọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ni ó ń fi rẹ́rìn-ín, àti Sàláwù, tí ó bínú nígbà tí wọn kò sọ tirẹ̀ mọ́.

Títí di òní, bí wọ́n bá pe ẹnìkan nílé wa tí kò fẹ́ dáhùn, yóò ní ẹsẹ̀ òun ni wọ́n rí, òun fúnra òun ti lọ oko. A ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wa á dákẹ́ díẹ̀, títí kan àwọn ọmọdé.

Gàníyù ni a ń dákẹ́ fún.